Àgúnmu Inú Agolo Mílíìkì

Oòrùn kò tíì mú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà tí Emmanuel fi wọ Ògbómọ̀ṣọ́ láti oko rẹ̀ ní Ìrẹsà, iṣu mẹ́fà lẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ni iṣu náà. Ó kan ilẹ̀kùn títí, kò gbọ́ ìdáhùn. Nígbà tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn wọlé, ó bá ìyá rẹ̀, Tíṣà Kẹ́hìndé, lórí àga, Bíbélì lórí itan rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ìkíni. Ara rẹ̀ ti tutù. Agolo mílíìkì kan wà lórí tábìlì, àgúnmu tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kù sínú rẹ̀, ṣíbí sì wà níbẹ̀.

Níbi tí Emmanuel ti di ìyá rẹ̀ mú ni fóònù màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó gbé e, kò wo ẹni tó ń pè, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ẹkún ló ń sun. Ó jù ú sílẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yìn Ọjà Igbó ló mọ obìnrin yìí. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà. Kò sí ilé tí kò ti na ọmọ kan rí ládùúgbò náà, kò sì sí ilé tí wọn ò ti sunkún rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ìbejì ni. Èkejì rẹ̀, Tíṣà Táyé, ń gbé ní Ọ̀yọ́. A kì í sì í sọ ọ́ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ ti kú, ì báà ti hu ewú. Èkó la máa ń ní ó lọ. Nítorí náà, nígbà tí Emmanuel pe ìyá rẹ̀ kejì yìí lálẹ́, ó gbé ẹkún mì.

"Màmá Ọ̀yọ́, Màmá ti lọ Èkó o. Àgúnmu tó wà lórí tábìlì wọn, ta ló fún wọn?"

"Saifudeen ni, èyí tó ń ta egbò Íńdíà ní ọjà Akẹ̀sán níbí," ni Tíṣà Táyé dáhùn. "Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún un. Èmi ò mọ̀ sí i."

Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú, Saifudeen ti wà ní àtìmọ́lé ní Ọ̀yọ́. Àwọn géńdé kan ti ju òkò lu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá sun ún. Wọ́n wá gbé ẹjọ́ náà lé Inspẹ́kítọ̀ Mùnírù lọ́wọ́.

Mùnírù kì í pariwo mọ́ èèyàn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé etí rẹ̀ di. Etí rẹ̀ kò di. Ìdáhùn kejì ló máa ń gbà gbọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ bá dókítà tó yẹ òkú náà wò ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Mi ò rí májèlé," ni dókítà wí. "Àtọ̀gbẹ ló ń bá màmá fínra, ó ń lo oògùn tó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Egbò inú agolo yẹn, aṣiwagándà ni wọ́n ń pè é. Òun náà lè fa ṣúgà wálẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sì sọ fún mi pé ó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Oògùn méjì, inú òfìfo. Ó jọ pé ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀ pátápátá níbi tó dá jókòó sí."

"Ṣé ẹni tó mọ egbò náà lè mọ̀ pé ó léwu fún un?"

"Bó bá mọ̀ pé ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ó yẹ kó mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kò dára fún Saifudeen rárá. Mùnírù padà sí Ọ̀yọ́, ó sì ní kí wọ́n mú un jáde. Ọkùnrin náà kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ, ṣùgbọ́n àtìmọ́lé ọjọ́ kan ti sọ ọ́ di arúgbó.

"Ọdún méjì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ yìí ní Íńdíà, sà," ó wí. "Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa ni pé ara ò dọ́gba. Ara afẹ́fẹ́ wà, ara iná wà, ara omi náà wà. Ẹni tó bá jẹ́ ara afẹ́fẹ́, oorun kì í kùn ún, ọwọ́ rẹ̀ á máa tutù, awọ rẹ̀ á gbẹ, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Egbò yìí la fi ń mú irú ara bẹ́ẹ̀ wá sí déédéé. Bí ara Tíṣà Táyé ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn."

"Èkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ara iná ni, sà. Àwọn méjèèjì ló jọ wá. Tíṣà Kẹ́hìndé ní òun ń lo oògùn àtọ̀gbẹ. Mo ní, 'Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.' Tíṣà Táyé bínú sí mi. Wọ́n ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, inú kan náà la ti jáde, o wá ń sọ pé ara wa ò dọ́gba? Ohun tó bá ojú, á bá imú.'"

"Kí lo máa ń bu egbò sí?"

"Ọ̀rá, sà. Màá kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i lára, màá kọ irú ara rẹ̀ tì í."

"Kí lo ní o máa ń bù ú sí?"

"Ọ̀rá ni, sà. N kì í bu oògùn fún ẹni tí mi ò kọ orúkọ rẹ̀." Ó sún mọ́ Mùnírù. "Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù mẹ́jọ, sà. Bí wọ́n bá sun ṣọ́ọ̀bù, Ọlọ́run á pèsè òmíì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní mo pa èèyàn, orúkọ wo ni ọmọ yẹn máa jẹ́ l'Ọ́yọ̀ọ́ yìí?"

Mùnírù gbé fìlà rẹ̀, ó kọrí sí ilé Tíṣà Táyé.

Ilé náà kò jìnnà sí ọjà. Àwòrán ńlá kan wà ní pálọ̀: àwọn ìbejì méjì nínú aṣọ kan náà, bàtà kan náà, aago ọwọ́ kan náà, ojú kan náà tí èèyàn kò lè yà sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá ra nǹkan fún ọ̀kan láti kékeré, wọ́n gbọ́dọ̀ rà á fún èkejì. Nígbà tí wọ́n dàgbà tán, tí wọ́n ń gba owó oṣù tiwọn, wọn ò jáwọ́ ńbẹ̀. Agolo mílíìkì òfìfo mẹ́rin tò sójú fèrèsé.

"Ẹ kú ilé, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó."

"Wọ́n ní èkejì yín lọ Èkó, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Àgúnmu tiyín ńkọ́?"

"Ó ti tán. Ó ti pẹ́ tó ti tán."

"Kí lẹ fi máa ń mu ún?"

"Mílíìkì gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ ni Saifudeen ní kí n ṣe."

Ọlọ́pàá wọ ilé arúgbó, arúgbó kò béèrè ohun tó gbé e wá. Ọ̀rọ̀ yìí ń rìn kiri nínú Mùnírù bó ṣe ń jáde. Zulaikha, aránṣọ tó gba yàrá nínú ilé náà, sìn ín dé ẹnu géètì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọkàn mi ò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Saifudeen yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, màmá pe ẹnì kan lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe gbé e sétí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé ọ̀rá kan jáde, wọ́n sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ṣalangá. Mo ní, 'Màmá, ṣé kì í ṣe oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ sùn nìyẹn?' Wọ́n kàn wọ yàrá wọn lọ."

"Ọjọ́ wo lo sọ pé ó jẹ́?"

"Ìṣẹ́gun, sà. Àárọ̀ kùtù."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mùnírù ránṣẹ́ pe Tíṣà Táyé sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gbé àga tó nímùtìmùtì fún un, ó ní kí Saifudeen jókòó sí òdìkejì, ó wá gbé agolo náà sáàárín wọn. Màmá kò wò ó.

"Mà, agolo yìí ò lórúkọ lára," Mùnírù bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. "Saifudeen kì í bu oògùn sínú agolo. Irú rẹ̀ ló wà lójú fèrèsé yín. Ìyẹn nìkan ò tó, gbogbo ilé ló ń mu mílíìkì. Èsì tí Emmanuel ní ẹ fún òun ló kó mi láyà sókè. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé èkejì mi lọ Èkó, tí wọ́n tún ń bi mí nípa oògùn rẹ̀, màá ní, 'Kí ló ṣe é? Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?' Ẹ ò béèrè, mà. Ẹ kàn nàka sí ọmọkùnrin yìí ni. Ẹ ti mọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin lẹ pe fóònù tí Emmanuel gbé tó ń sunkún. Ẹ dá ohùn ẹkún rẹ̀ mọ̀, torí ẹ̀yin náà lẹ wò ó dàgbà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi da oògùn tó ń ṣe yín lóore nù."

Tíṣà Táyé fa agolo náà mọ́ra, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

"Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ nǹkan wò," ó wí. "Láti ìgbà tí a ti ń rá. Ẹ̀kọ ni, ẹ̀wà ni, oògùn ibà ni, èmi ni ìyá wa máa ń kọ́kọ́ fún. Bí kò bá ṣe mí ní nǹkan kan, màá ní, 'Kẹ́hìndé, gbà.' Mo mu egbò yìí, mo sùn. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, mi ò sùn bẹ́ẹ̀ rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa sùn kí èkejì mi má sùn? Mo bù ú sí méjì. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, Saifudeen ló ní kí òun má mu ún. Mo ní, 'Kẹ́hìndé, mo ti tọ́ ọ wò.' Ó bá gbà á."

"Mo sọ fún yín, mà," ni Saifudeen wí. Omi ti ń dà lójú rẹ̀.

"O sọ fún mi. Mo gbọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi purọ́ mọ́ ọn?" ni Mùnírù béèrè.

"Torí bí kì í bá ṣe òun, èmi ni."

Inú Mùnírù bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀daràn ló ti mú, inú rẹ̀ sì máa ń dùn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá já sí ibi tó fojú sí. Ti òní korò lẹ́nu rẹ̀.

"Mà, ọ̀rọ̀ egbò, adájọ́ ló máa sọ bóyá àṣìṣe ni tàbí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ tí ẹ pa yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹlòmíì. Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀. Saifudeen, máa lọ bá ìyàwó rẹ."

"Kọ ọ́, ọmọ mi," ni Tíṣà Táyé wí. "Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí Emmanuel gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá. Gbé mi lọ, kí n sọ ọ́ fún un fúnra mi."

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí ọkọ̀ wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Emmanuel jáde wá pàdé wọn, ó ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí màmá, kí ó tún pa irọ́ Èkó mìíràn. Tíṣà Táyé kò jẹ́ kó ráyè. Ó kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ àgbàlá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ọ̀rá dé orí agolo, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Emmanuel dúró gbagidi. Ojú ìyá rẹ̀ ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ yẹn, ohùn ìyá rẹ̀ sì ni, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ikú ìyá rẹ̀ ji òun.

"Ẹ dìde, mà," ó wí níkẹyìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. N ò lè máa wo ojú yẹn nílẹ̀ẹ́lẹ̀."

Ó fà á lọ́wọ́ dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi màmá sílẹ̀ níta.