Iye Ìṣẹ́jú Tí Èémí Mi Fi Ń Padà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó sórí ẹ̀rọ ìtukọ̀, mo rò pé ibẹ̀ ni màá kú sí. Dókítà ló rán mi wá. Kọ́tìnnì ni mò ń rán, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì ti fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, débi pé tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa, màá dúró lágbedeméjì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Yàrá eré ìdárayá kan ni, lókè ilé búrẹ́dì, wọ́n to ẹ̀rọ mẹ́ta síbẹ̀. O máa jókòó sórí àga kékeré tó ń yọ̀ síwá sẹ́yìn, o máa fa ọwọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣéènì so, o máa tukọ̀ títí òógùn á fi bò ọ́, o ò sì ní kúrò lójú kan. Ọkùnrin tó ni yàrá náà ti ṣe sójà rí. Má-Dúró la máa ń pè é, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó mọ̀ nìyẹn.

Mi ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ojú mi ti ń ṣú. Má-Dúró ń pariwo lé mi lórí. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin orí ẹ̀rọ kejì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọjú sí mi.

"Sinmi," ó ní. "Ẹ̀rọ yìí ò ní sá lọ. Nà ró dáadáa, fi imú mí, kóo bu omi díẹ̀ sẹ́nu."

Òun náà sinmi pẹ̀lú mi. Ojú mi ló ń wò títí mo fi mí kanlẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní ó yá. Mi ò rántí bí mo ṣe délé lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín yẹn ni mo rántí.

Iṣẹ́ aago títúnṣe ló ń ṣe, nítorí náà Aláago ni mò ń pè é. Èémí mi lòun ń pè mí. A máa tukọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó sinmi, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ká má parọ́, ìsinmi yẹn ni mò ń tìtorí ẹ̀ wá. Ibẹ̀ la ti mọ ara wa. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ràn mi, nígbà tí omi ṣì wà lẹ́nu mi tí mi ò lè fèsì. Ó máa ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí mo bá ti ń mí, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó ń fi aago jẹun kò lè gbójú kúrò lára rẹ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi. Alágbàfọ̀ ni ìyá mi, kò sí ọkùnrin kankan tó ní kó jókòó rí láyé rẹ̀. Ó gbé áyọ̀nù sílẹ̀. "Ọkùnrin tó ní kóo sinmi," ó ní, "má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Lóṣù kẹta, Aláago mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀. Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n Aláago jókòó sí kọ̀rọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màmá bi mí nípa iṣẹ́ mi àti àwọn òbí mi, ó ní mo gbọ́n, ó ní mo ní ìwà. Lẹ́yìn náà ó bọ́ jígí ojú rẹ̀.

"Tóo bá tukọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún," ó ní, "ìṣẹ́jú mẹ́rin lèémí ẹ fi ń padà sípò tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ó di mẹ́ta. Látìgbà yẹn kò tíì dín."

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń jókòó tì mí bí mo bá ń mí. Mo wojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì ló ń wò.

"Má bínú sí mi," màmá ní. "Àìsàn àyà ló pa ìyàwó àkọ́bí mi, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà nínú. Ọwọ́ èmi tí mo jẹ́ agbẹ̀bí ló kú sí. Wo ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Mi ò ní tún gbé irú ẹ̀ wọlé. Tó bá di ìṣẹ́jú kan, ẹ padà wá."

A ti dé ojú títì kí Aláago tó lè lanu. Ó ní nítorí kí màmá lè gbà ni òun ṣe ń kà á, pé òun fẹ́ kí wọ́n rí i pé ó ń dín.

"Èwo ló jẹ́ tèmi nínú gbogbo ìsinmi yẹn?" mo bi í.

"Tọjọ́ àkọ́kọ́," ó ní.

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mi ò bá a jà. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà á lẹ́rù.

Ìyá mi ní ṣé ẹṣin ni wọ́n fẹ́ rà ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ó ní tí mo bá ṣì fẹ́ràn rẹ̀, kí n gbé e mì. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́dọ̀ Má-Dúró láàárọ̀ kùtù, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, nígbà tí Aláago kì í sí níbẹ̀. Mo ní kó máa dá mi dúró kí ó tó rẹ̀ mí, kó máa ka ìsinmi mi. Ó kùn, ó ní kò sí irú ẹ̀ ní bárékè, ṣùgbọ́n ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé "Dúró." Oṣù mẹ́rin la fi ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́ta di méjì, ó di ọ̀kan ààbọ̀. Aláago rò pé ìfẹ́ ni mo fi ń tiraka, ó ń ra òdòdó wá.

Lọ́jọ́ tó di ìṣẹ́jú kan, màmá fúnra rẹ̀ gun òkè wá. Ó gba aago ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e lé itan. Mo tukọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀.

"Sinmi, Èémí mi," Aláago ní, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi tọjọ́ àkọ́kọ́. Ìka rẹ̀ lọ síbi tí aago máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí mo fi ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Omi lé ròrò sójú màmá. Ó ní ká lọ mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Aláago ti na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní aago yẹn," mo ní. Ó fún mi. Mo wá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Mi ò ní fẹ́ ọ," mo ní. "Ọjọ́ tóo ń wo ẹsẹ̀ tábìlì ni mo ti pinnu. Mo kàn fẹ́ kí màmá rí i pé kò sí nǹkan tó ṣe àyà mi ni."

Ó jókòó sórí ẹ̀rọ, àga náà sì yọ̀ sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní, "Ìfẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́." Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, àwọ̀ ojú rẹ̀ sì yí padà. Mi ò gbójú kúrò lára aago. Mo fẹ́ mọ iye ìṣẹ́jú tí ojú yẹn máa fi padà sípò.

Má-Dúró ní, "Ó tó, ọmọbìnrin. Dúró."

Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá, kò tíì padà. Mo gbé aago náà lé itan màmá.

"Ẹ máa bá mi kà á lọ, mà," mo ní, mo sì jáde.

Àtẹ̀gùn ilé wa, mo gùn ún tán láìdúró níbì kankan. Òkè ni mo ti jókòó, tí ẹkún ò jẹ́ kí n rí èémí mí. Ìyá mi fi aṣọ tó ń lọ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn títí mo fi sunkún tán. Kò wo aago.