Irin Tí Yóò Gbé Kámẹ́rà Sàlímọ́tù

Ọmọbìnrin náà pọn kámẹ́rà sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Òjò àárọ̀ ti sọ òpópónà Ajégúnlẹ̀ di odò. Ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó gbé bàtà dání, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí ilẹ̀ gbé le lábẹ́ omi. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ yọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í lọ síbì kankan bí kò ṣe ẹ̀yìn, kó lè di ẹrù rẹ̀ mú. Wàhábì jórinjórin ṣí gíláàsì dúdú kúrò lójú, ó gbàgbé irin tí ó wà níwájú rẹ̀.

"Sìsí, ọmọ yín kò sunkún o," ni ó fi kí i.

"Ó ti mu ọmú yó ni," ọmọbìnrin náà dáhùn. "Ṣé ẹ̀yin ni Wàhábì? Wọ́n ní ẹ lágídí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá jó kì í tú."

"Ta ló ní mo lágídí?"

"Gbogbo àdúgbò."

"Ẹ gba apá kejì ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, kí ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tú ọ̀já. Kámẹ́rà fídíò ni, kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Jámánì ló fi ránṣẹ́ sí i. Sàlímọ́tù ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1992 ni à ń sọ yìí, òun ló sì máa ń ya fídíò ìkómọ àti ìgbéyàwó láti Boundary dé Apapa, nígbà tí àwọn ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà ṣì ń yọ ṣùtì sí obìnrin tó bá gbé kámẹ́rà.

"Ikechukwu tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Warehouse Road ló rán mi wá," ni ó wí. "Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń fi mọ́tò sá eré lọ́jọ́ Sunday, lórí pápá kọnkéré tí wọ́n ń to kọntéínà sí nígbà kan, nítòsí èbúté Tin Can. Wọ́n fẹ́ wo ara wọn nínú tẹlifíṣọ̀n, bí wọ́n ṣe ń ya kọ́nà, ibi tí wọ́n ti ń pẹ́ kí wọ́n tó tẹ bíréèkì. Wọn ò fẹ́ kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n máa yà wọ́n. Ara mọ́tò ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà, kó máa wo ọ̀nà bí awakọ̀ ṣe ń wò ó. Irin tí yóò gbé e níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ jó fún mi."

"Bí irin kò bá lè gbé e ńkọ́?"

"Èmi ni màá jókòó ti Ikechukwu. Màá na ọwọ́ síta lójú wíńdò, màá fi gbé e."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ ra iyọ̀. Ṣùgbọ́n àyà Wàhábì já. Ó ti rí Ikechukwu rí lórí pápá náà. Ó ti rí dúróòmù tí ó fi mọ́tò tẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwo.

"Màá ṣe irin náà," ni ó wí kíá, bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já iṣẹ́ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irin àkọ́kọ́ kò dára. Ikechukwu fi mọ́tò yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì fẹ́ wo ohun tí kámẹ́rà rí. Kámẹ́rà ayé ìgbà náà, ojú kan ṣoṣo ni èèyàn fi ń yọjú wo inú rẹ̀.

"Ẹ di ojú òsì," ni Sàlímọ́tù wí.

"Mo ti dì í."

"Ojú ọ̀tún lẹ dì yẹn, ọ̀gá wẹ́dà." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ojú òsì náà fún un. Àtẹ́lẹwọ́ náà tutù, ó ń ta òórùn ọṣẹ. "Kí lẹ rí?"

"Ó dára."

"Kí ló dára níbẹ̀? Ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀nà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe ni?"

Kò rí i lóòótọ́. Kò rí nǹkan kan.

Ó jó òmíràn. Ó gé túùbù táyà tírélà, ó fi rọ́bà náà sáàárín irin àti kámẹ́rà kí jìgìjìgì mọ́tò má bàa dé inú àwòrán. Àwòrán rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n irin náà ń tẹ̀. Ó tún tú u. Sàlímọ́tù ń wá wò ó, ó ń gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì wá, ó ń jókòó sórí táyà àlòkù kan, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Kí oṣù tó parí, "ọ̀gá wẹ́dà" ti di "Wàhábì mi", "Sìsí" sì ti di "Sálí". Síbẹ̀ ọkàn ọkùnrin náà kò balẹ̀. Bó bá ti rántí ọjọ́ eré, á fi òòlù na irin náà bí ẹni pé irin náà ló fẹ́ pa Sálí.

Ìgbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Sunday náà pé ni Sàlímọ́tù dé pẹ̀lú ojú tí kò rẹ́rìn-ín.

"Wàhábì, àwọn ará Ọ̀ffà kan ń bọ̀ wá tọrọ mi fún ọmọ wọn. Bàbá mi ní kí oṣù Ràmàdáànù tó yọ, àwọn á ti dá wọn lóhùn. Bí o bá fẹ́ mi, wá kí bàbá mi."

"Lónìí náà ni màá wá. Níbo ni kí n ti rí wọn?"

"Ọgbà tírélà wọn ní Tin Can. Àlàájì Abdulrasheed ni wọ́n."

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Wàhábì.

Nígbà kan rí, Wàhábì ń jó ìdí tírélà kan fún Àlàájì yìí nínú ọgbà náà nígbà tí wọ́n wá bátìrì ọkọ̀ kan tì. Lójú gbogbo awakọ̀ ni Àlàájì nawọ́ sí i: "Olè ni gbogbo ọmọ Ajégúnlẹ̀. Ẹ tú u wò." Wọ́n tú u wò, títí kan abẹ́ fìlà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ awakọ̀ Àlàájì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti rí bátìrì náà. Àlàájì kò wá, kò sì ránṣẹ́. Ẹni tó pe èèyàn ní olè lójú ọjà, tó wá ń kábàámọ̀ nínú yàrá, ta ni ó ń bẹ̀? Wàhábì búra pé ẹnu òun kò ní kí ọkùnrin náà mọ́ láyé, bí àwọn bá sì pàdé lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, òun yóò yà sí ọ̀nà mìíràn. Ó sì ti ń yà láti ọjọ́ náà.

"O mọ̀, o ò sì sọ fún mi," ni ó wí.

"O ò béèrè. Mo mọ ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn. Bàbá mi ló jẹ̀bi."

"Kí wọ́n wá bẹ̀ mí, nígbà náà."

"Bàbá mi kì í bẹ èèyàn. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti wà nílé wọn, wọn ò tíì bẹ̀ wọ́n rí."

"Èmi náà ò ní kí wọn."

"Nítorí ẹ káàsán lásán, o máa jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí Ọ̀ffà?"

Wàhábì mú òòlù rẹ̀ nílẹ̀. Ojú Sàlímọ́tù kún fún omi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dà. "Orí kunkun ọkùnrin méjì ló fẹ́ fà mí ya. Ó dàbọ̀. Gbé irin náà wá lọ́jọ́ Sunday. Bí o ò bá sì gbé e wá, mo ní ọwọ́."

Nígbà tí Sàlímọ́tù ń lọ, Wàhábì ti fi tákì mú ẹsẹ̀ kejì irin náà dúró, ìyẹn ìjó fẹ́ẹ́rẹ́ tí jórinjórin fi ń dá irin dúró kó tó wá jó o gidi. Ó ní kí òun jó o tán, iná mànàmáná lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná dé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì rọ̀. Ó gbé irin náà, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ gbogbo ohun tó yẹ kó ti sọ fún Àlàájì lọ́jọ́ bátìrì. Ó kùn ún tán, ó gbé e sóòrùn. Kò rántí tákì.

Lọ́jọ́ Sunday, atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí omi, èèyàn sì lè rí ọkọ̀ àwọn apẹja lápá Snake Island lọ́hùn-ún. Wọ́n ti to dúróòmù kiri orí pápá láti fi sàmì kọ́nà. Sàlímọ́tù wà níbẹ̀ ṣáájú.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni ó wí fún Wàhábì.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Ó de irin náà mọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò níbi tí èrò iwájú ń jókòó sí, ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le. Sàlímọ́tù gbé kámẹ́rà lé e, ó tàn án. Ikechukwu, ọmọ Íbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí Yorùbá rẹ̀ dán ju ti ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ, ti ń tẹ iná mọ́tò bí ẹni ń yọ ajá lẹ́nu.

Ìgbà náà ni ojú Wàhábì bọ́ sí oríkèé ẹsẹ̀ kejì. Lábẹ́ ọ̀dà dúdú, níbi tó yẹ kí ìjó ti nà tààrà, kókó kékeré méjì péré ló wà níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, kámẹ́rà tí Sálí fi ń jẹun lè fọ́ yángá lórí kọnkéré. Bó bá sọ̀rọ̀, Sálí fúnra rẹ̀ ló máa wọ mọ́tò.

"Pa mọ́tò!" ni ó kígbe. "Ẹsẹ̀ kan kò tíì jó. Èmi ni mo gbàgbé."

Àwọn ọ̀rẹ́ Ikechukwu bú sẹ́rìn-ín. Ikechukwu yọ orí síta. "Ọ̀gá Wàhábì, wọ́n ní tiyín kì í tú."

"Eléyìí á tú."

Sàlímọ́tù ti ń fún ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. "Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

"O ò ní wọ ibẹ̀, Sálí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò lè kí bàbá mi, ẹ wá fẹ́ máa ṣe bàbá mi?"

Wàhábì kò jà. Ó yọ́ kọjá níwájú rẹ̀, ó jókòó, ó ti ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ jáde lójú wíńdò, ó sì gbá ẹsẹ̀ irin náà mú. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé Apapa nítorí pé eré mọ́tò ń já a láyà! "Máa lọ," ni ó wí fún Ikechukwu.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, irin náà ń fà á bí àgbò tó fẹ́ já okùn. Ní ìkejì, ó gbọ́ "kẹ́!" Tákì ti já. Gbogbo ẹrù náà bọ́ sí i lọ́wọ́, etí irin ń jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, dúróòmù ń sáré bọ̀, omi òkun ń sáré bọ̀ lẹ́yìn dúróòmù. Ẹnu rẹ̀ là, ó ń kígbe. Ohun tó ń kígbe, òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́.

Nígbà tí mọ́tò dúró, wọ́n ní láti bá a ṣí àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ìgúnpá. Sàlímọ́tù ya etí ìborùn rẹ̀, ó fi di ọwọ́ náà, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ìdààmú tuntun bẹ̀rẹ̀. Wàhábì kò lè fi ọwọ́ yẹn ṣiṣẹ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òpópónà. Ṣé kámẹ́rà bàjẹ́ ni? Ṣé àwọn ará Ọ̀ffà ti dé? Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti kọjá pẹ̀lú àwọn àgbà nínú agbádá, á dìde wo ibi tí ó ń lọ. Lọ́jọ́ kan, Ikechukwu ránṣẹ́ pè é sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí tábìlì, àwọn ọ̀rẹ́ eré pé sídìí rẹ̀, Sàlímọ́tù sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó tan fídíò náà. Ọ̀nà ń ṣàn wọlé pẹ̀lẹ́ bí omi, dúróòmù ń yà sọ́tùn-ún, ń yà sósì. Àwọn awakọ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan bú jáde nínú tẹlifíṣọ̀n:

"Yéè! Ikechukwu, rọra! Ọlọ́run má pa mí! Àlàájì! Àlàájì Abdulrasheed, màá kí yín o! Màá dọ̀bálẹ̀! Ẹ má fún wọn ní Sálí mi! Olúwa, bí mo bá sọ̀kalẹ̀ níhìn-ín láàyè, màá kí bàbá burúkú yẹn!"

Ikechukwu ṣubú sórí àga, ẹ̀rín ń pa á kú lọ. Wàhábì wá ibi tí ilẹ̀ gbé lanu, kò rí i. Sàlímọ́tù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á jáde sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí tírélà tò sí lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

"Ṣé ohùn rẹ nìyẹn?"

"Ohùn mi ni. Ẹ̀rù ló sọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù kí?"

Wàhábì wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì. "Kì í ṣe ti ikú. Mo ń rò ó pé bí mo bá kú síbẹ̀, á jẹ́ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún ọ ní ọkọ mìíràn."

"O ò tíì kú."

"N ò tíì kú."

Wàhábì wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun lọ́jọ́ kejì. Àlàájì Abdulrasheed wà láàárín àwọn tírélà rẹ̀ ní Tin Can, ó gbé kẹ́túlù dání, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá ìrun ọ̀sán. Àwọn awakọ̀ dákẹ́ bí wọ́n ti rí ẹni tó wọlé. Wàhábì nà gbalaja sórí ilẹ̀ tí epo mọ́tò ti sọ di dúdú.

"Ẹ káàsán, sà."

Àlàájì wò ó. Ó ṣe àlùwàlá rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó kírun, kò sì kánjú. Wàhábì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, àwọn awakọ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, epo ń wọ inú aṣọ funfun. Bó bá dìde, ó tán. Bí kò bá dìde, títí dìgbà wo? Ó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ bátìrì. Nígbà tó ṣe, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sàlímọ́tù kúnlẹ̀ sínú epo náà, kò sì wo ẹnikẹ́ni.

Àlàájì ká ẹní rẹ̀. "Ọmọ ta ni ọ́?" ni ó béèrè.

"Ọmọ Ràájí alágbẹ̀dẹ ni mí, sà. Ará Ìsẹ́yìn."

"Ṣé ó wà láyé?"

"Wọ́n ti ṣaláìsí. Ẹ̀gbọ́n wọn ń bẹ."

"Kí ó wá rí mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Màá sọ fún àwọn ará Ọ̀ffà pé ẹnìkan ti ṣáájú wọn." Ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi ìborùn ọmọ rẹ̀ dì. "Dìde. O ń dí ọ̀nà tírélà."

Ó parí síbẹ̀. Kò dárúkọ bátìrì, títí di òní kò tíì dárúkọ rẹ̀. Wàhábì dúró díẹ̀ sí i lórí ilẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù, kò kù. Ó dìde.

Wọ́n jáde sí ojú ọ̀nà, àwọn méjèèjì dúdú fún epo. Sàlímọ́tù ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

"Inú ṣì ń bí ọ sí wọn."

"Ó ń bí mi."

"Títí dìgbà wo, Wàhábì mi?"

"Kò ní tán," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni màá máa kí wọn."

Sàlímọ́tù rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ rẹ̀ tó sàn mú lójú gbogbo awakọ̀.