Ẹni Tó Ṣáájú Wa Gba Afárá Jẹ́bà

Ní Ògèrè, níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí lẹ́bàá ọ̀nà, ọkùnrin tó ń ta tíì bi bàbá mi pé kí ló gbàgbé. Ó ti na kọ́ọ̀bù sí i kí ó tó bèèrè, tíì dúdú tí kò ní mílíìkì, ṣúgà ẹyọ kan, bí bàbá mi ṣe máa ń mu ún gan-an.

"Bàbá, ẹ ti padà dé? Kí lẹ gbàgbé lánàá?"

Bàbá mi wò ó títí. Ó gba kọ́ọ̀bù náà, ó dúpẹ́, ó sì sọ fún un pé òun kò jáde nílé lánàá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí àgbàlagbà ń bá ṣàwàdà, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Mo mọ ibi tí bàbá mi wà lánàá. Ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ ló wà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fọ mọ́tò tí a fẹ́ gbé rìn. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí kò ti kúrò ní Èkó. Mo gbà pé ọkùnrin náà ṣi ènìyàn mọ̀ ni.

Orúkọ mi ni Zulfah. Ọ́fíìsì kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní wọ́ọ̀fù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Warehouse Road ní Apápá. Bàbá mi, Mùsílíù Àjàmú, fi ọgbọ̀n ọdún wa tírélà. Àgbàlá kan ní Creek Road ni wọ́n ti máa ń di ẹrù fún un, yóò sì wà á dé Kánò, dé Jọ́ọ̀sì, dé Yólà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ó bá ti ìrìn-àjò dé, kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹrù rárá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló máa ń sọ. Yóò sọ bí ilẹ̀ ṣe ń yí àwọ̀ padà bí èèyàn bá ṣe ń lọ sókè, bí igi ṣe ń jìnnà síra wọn lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, bí odò Ọya ṣe máa ń rí láàárọ̀ bí èèyàn bá gun afárá Jẹ́bà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá la àyà ọkọ òun, títì ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Ìyá mi kú. Orúnkún bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ojú rẹ̀ ń ṣú, ó sì di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ bí a kò bá bá a sọ ọ́. Lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, ó sọ fún mi lójijì pé òun fẹ́ gba ọ̀nà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun kọjá Jẹ́bà díẹ̀. Mo bi í pé ta ló fẹ́ lọ rí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni. Mo gba ìsinmi ọjọ́ márùn-ún níbi iṣẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la gbéra. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni télọ̀ gbé bùbá àti ṣòkòtò tuntun tí mo rán fún un wá, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n fi òwú funfun ṣiṣẹ́ sí lọ́rùn. Ó wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí a ṣe kúrò ní Ògèrè ni ara bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí yá. Ó ní kí n pa ẹ̀rọ amúlétutù, kí n sọ gbogbo fèrèsé kalẹ̀. Ó ní ẹni tó ti fèrèsé kò rin ìrìn-àjò, wọ́n kàn gbé e láti ibì kan dé ibì kejì ni. Ó kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fi imú mọ ìlú kí ó tó dé ibẹ̀: gààrí tí wọ́n ń yan, igi tútù tí wọ́n ń là, òjò tó ti rọ̀ níbi tí a kò tíì dé. Lẹ́yìn Ọ̀yọ́, a dúró ra àgbàdo sísun, a fara ti mọ́tò jẹ ẹ́, a ò sì kánjú. Ó fi ibi tó ti máa ń dúró fọ ojú hàn mí, àti igi oṣè kan tó ní bí òun bá ti rí i, òun ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo Èkó nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà, tí èjìká mi máa ń le bí igi láàárín Apápá sí ilé, mo rí i pé ọwọ́ kan péré ni mo fi ń wa mọ́tò, mo sì ń kọrin. Títí di òní, n kò mọ ọjọ́ tí mo gbádùn tó ọjọ́ yẹn.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí n yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Àdùfẹ́, tí bàbá mi ti ń ra máńgòrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì ní irun dúdú. Obìnrin náà rí wa, ó dìde, ó gbé àtẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá mi, kò sì tètè dìde.

"Ẹ wá dágbére fún mi lánàá," ó ní. "Ẹ ní ẹ ò ní gba ibí mọ́. N kò sùn."

Bàbá mi sọ fún un pé òun kọ́ ló wá. Obìnrin náà wo ọ̀pá tí bàbá mi fi ń tilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ó wá rọra sọ fún mi, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ó gbọ́, pé ẹni tó wá lánàá kò mú ọ̀pá dání, pé ó rìn kánmọ́kánmọ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Máńgòrò tó fún wa pọ̀ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, òórùn rẹ̀ gba inú mọ́tò kan. Bàbá mi kò fọwọ́ kàn án. Ojú ọ̀nà ló ń wò títí a fi dé Ìlọrin.

Ọ̀dọ̀ Abdulrasheed la fẹ́ sùn. Òun náà wa tírélà rí, òun àti bàbá mi ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀ ọjọ́ pẹ́. Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a dé. Ó jáde sí wa, ó sì dúró láàárín àgbàlá.

"Mùsí," ó ní, "ṣé o ò bá ẹni tí o sọ lánàá pé ó ń retí rẹ ni? Àbí o kò tíì lọ?"

Mo ṣàlàyé fún un pé àárọ̀ ọjọ́ náà la kúrò nílé, pé ó jọ pé ẹnì kan wà tó jọ bàbá mi ní ojú ọ̀nà yìí. Abdulrasheed kò bá mi jiyàn. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wá àwòrán kan, ó sì nà án sí mi. Òun àti bàbá mi ni, wọ́n dúró lẹ́nu géètì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé. Bàbá mi nàró ṣánṣán, kò sí ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ewé ló wà lọ́rùn rẹ̀, òwú funfun lọ́rùn bùbá. Mo wo ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà. Ọjọ́ Ajé ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, aṣọ yẹn ṣì wà lórí máṣínì télọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, kò tíì ní apá.

Mo sọ fún bàbá mi pé a ó padà sílé láàárọ̀ ọ̀la. Ó mi orí. Ó ní kí n jókòó ti òun, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún mi rí.

Ó ní ọ̀rẹ́ òun yẹn, Tamuno ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Kalabari tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí àwọn méjèèjì jọ ń pín tírélà kan wà. Bí ọ̀kan bá ń wà á, èkejì á máa sùn. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ibà kọ lu Tamuno lẹ́yìn Jẹ́bà. Wọ́n ń retí ẹrù ní Kánò. Bàbá mi gbé e sílẹ̀ ní ilé àgbẹ̀ kan ní abúlé Nupe, ó sì ṣèlérí fún un pé òun ń bọ̀ wá mú un lọ́la. Ẹrù kan di méjì. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó padà, wọ́n sì ti sin Tamuno. Wọ́n sọ fún un pé lójoojúmọ́ ló ń ní kí wọ́n gbé òun lọ sẹ́bàá títì, pé Mùsílíù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

"Mo gba iwájú abúlé yẹn ní àìmọye ìgbà lẹ́yìn ìyẹn," bàbá mi ní. "N kò dúró rí, ojú ń tì mí. Má yí mọ́tò padà, Zulfah."

N kò yí i padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a dé Jẹ́bà. Ó ní kí n rọra wà á lórí afárá. Odò Ọya kún, omi rẹ̀ pọ́n, ó ń lọ láìpariwo. Bàbá mi yọ orí síta bí ọmọdé, atẹ́gùn ń fẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀, omi sì dúró sí ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó di apá mi mú títí a fi kọjá.

Abúlé náà kò tóbi. Àwọn ènìyàn ti tò sẹ́bàá ọ̀nà kí a tó dé, bí ẹni tó ń retí àlejò. Ọmọ àgbẹ̀ tó gba Tamuno sílé nígbà yẹn ló ṣáájú wọn. Ndagi ni wọ́n ń pè é, òun fúnra rẹ̀ ti di arúgbó, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó dé ojú fèrèsé mọ́tò, ó wo bàbá mi, lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Bàbá rẹ wá lánàá," ó ní. "Ó jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọmọ òun obìnrin máa gbé òun dé lónìí, kí a ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀."

Ó ṣáájú wa lọ sẹ́yìn abúlé, sábẹ́ igi èmí kan. Sàréè àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to òkúta yí ká. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ là sílẹ̀, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ṣọ́bìrì méjì sì gún sínú yẹ̀pẹ̀ náà. Gígùn rẹ̀ kò ju gígùn bàbá mi lọ.

Bàbá mi dé ẹ̀bá rẹ̀, ó wo inú ihò náà láìmira. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ti àtijọ́. Ó ní, "Tamuno, ọ̀la ni mo wí. Mo dé." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì na ẹsẹ̀. Ó wá sọ fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí n máa lọ, kí n fi òun sílẹ̀ níbí.

"N kò lè fi yín sílẹ̀, Bàbá."

"Ó rọrùn fún mi níbí."

Mo gbé e ní apá, mo fà á dìde. Kò bá mi jà. Ó wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó fẹ́ há a sórí, ó sì tẹ̀ lé mi dé inú mọ́tò. Kò sẹ́ni tó dá wa dúró. Ndagi nìkan ló sọ pé, "Àlejò la gbẹ́ ẹ fún o," kò sì fi ìbínú sọ ọ́.

Nígbà tí a padà gun afárá Jẹ́bà, bàbá mi mí kanlẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Oorun gbé e lọ. Ẹ̀bá Ìbàdàn ló ti jí, ó sì bi mí pé níbo la ti ń bọ̀.

Ara rẹ̀ le láti ìgbà yẹn. Orúnkún kò dùn ún mọ́, ọ̀pá rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ń jẹun, ó ń kírun, ó ń kí àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ odò Ọya, ó ní òun ti gbọ́ pé ó fẹ̀. Mo bi í nípa Kánò, ó ní òun kò dé ibẹ̀ rí. Mo bi í pé ta ni Tamuno. Ó ronú díẹ̀, ó sì fi pẹ̀lẹ́tù béèrè bóyá ẹnì kan ní ọ́fíìsì mi ni. Dókítà ní ọjọ́ orí ló fà á. Mo fẹ́ gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ndagi pè mí. Ọ̀dọ̀ Abdulrasheed ló ti rí nọ́ńbà mi. Ó ní ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a lọ, àwọn fẹ́ dí ihò náà kí ẹran má baà kó sí i, àwọn sì bá a ní dídí. Wọ́n ti to òkúta yí i ká, wọ́n ti wọ́n omi lé e lórí. Kò sí ẹnì kankan ní abúlé tó ṣe é. Obìnrin kan tó ń lọ pọnmi ní ìdájí ní òun rí ọkùnrin méjì tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi èmí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó sinmi dáadáa.

Ó ní ìdí tí òun fi pè ni pé àwọn àgbà abúlé fẹ́ ṣe àdúà níbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn kò sì mọ orúkọ tí àwọn máa pè sórí sàréè tuntun náà.

Bàbá mi jókòó níwájú mi, ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹyin. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo sọ fún Ndagi pé Mùsílíù Àjàmú ni.