Ẹlẹ́sẹ̀ Lásán Ọ̀sán Ọjọ́rú

Ọ̀dà títì gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ náà débi pé ewúrẹ́ gan-an ò jẹ́ dúró lórí rẹ̀. Síbẹ̀, ọkùnrin yìí dúró láìwọ bàtà níwájú agbada Àbíkẹ́, tí gbogbo Ìkirè mọ̀ sí Ìyá Bọ́sẹ̀ onídòdò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Epo gbígbóná ta sí i lọ́wọ́, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ṣé ẹ ti débẹ̀?"

Àbíkẹ́ àti Wòlíì Titus nìkan ló mọ̀ pé ó yẹ kó wà níbì kan lọ́sàn-án yẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni Wòlíì ríran sí i nílé àdúrà wọn lójú ọ̀nà Àpòmù. Ó ní, "Àbíkẹ́, Ọjọ́rú mẹ́ta, ní aago méjìlá ọ̀sán, kí o wá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ fún àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀nà wa. Mo rí ẹ̀jẹ̀. Ìwọ ni Ọlọ́run yan iṣẹ́ náà fún." Ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé àdúrà lé e lọ́wọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń rìnrìn àjò.

"Bàbá, ṣé Bọ́sẹ̀ mi lẹ rí?" Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀.

"Wọn ò fi ojú ẹnikẹ́ni hàn mí."

Àbíkẹ́ ṣèlérí o. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ Ìkirè lọ́sàn-án? Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ Ìbàdàn àti ti Ifẹ̀ ń pàdé, tí àwọn èrò ń nawọ́ láti ojú fèrèsé pé kí wọ́n fún àwọn ní dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà, tí wọ́n ti fi ata àti iyọ̀ pò, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bọ́sẹ̀ kì í sì í rìnrìn àjò láàárín ọ̀sẹ̀, ni ọkàn ìyá rẹ̀ bá balẹ̀. Ó ní Ọlọ́run tó ń gbọ́ níwájú pẹpẹ á gbọ́ nídìí agbada. Òótọ́ ni, ó kúkú ń gbọ́. Àmọ́ Àbíkẹ́ ò gbàdúrà kankan nídìí agbada. Epo ló ń wò. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi, ẹ̀yin ará. Àwa náà ńkọ́?

"Mo ń lọ láìpẹ́," ló dá ọkùnrin náà lóhùn. Nígbà tó máa gbójú sókè, kò rí i mọ́.

Ọjọ́rú kejì, ó tún dé. "Ṣé ẹ ti débẹ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ wálẹ̀ ná!"

Sàlámọ̀tù tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yíjú sí i. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọjọ́rú kẹta, kò wá. Àbíkẹ́ mí kanlẹ̀, ó da epo tuntun sí agbada. Ọ̀sán pọ́n, agogo ilé àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́ọ̀ọ́kán. Ó fọwọ́ kan ìdí ìró rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀, ta ló wá ń lu agogo? Kò tíì dìde tí awakọ̀ kan fi sáré dé, tó ń ké pé bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Gbọ̀ngán ti forí sọ tírélà lẹ́bàá Àpòmù. Kò sí ẹni tó yè.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bọ́sẹ̀ wọlé tòun ti àpótí rẹ̀. Wọ́n ti ilé ìwé wọn pa láìròtẹ́lẹ̀.

"Màámi, inú bọ́ọ̀sì yẹn ni mo wà. Ní Gbọ̀ngán, bàbá kan tí kò wọ bàtà ní kí n sọ̀kalẹ̀, kí n fún òun láyè mi. Ó ní ẹ mọ òun. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti débẹ̀."

Òkú mẹ́rìnlá ni wọ́n gbé jáde. Ní àyè Bọ́sẹ̀, wọn ò rí ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará àdúgbò ń jó, wọ́n ní kó wá dúpẹ́. Àbíkẹ́ ò lè jó. Ọmọ tirẹ̀ dé. Àwọn mẹ́rìnlá tí wọ́n ní kó kúnlẹ̀ fún ńkọ́? Àwọn náà níyàá.

Ọjọ́rú kẹrin, ó da omi síná kí aago méjìlá tó lù. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣílẹ̀kùn ilé àdúrà, ó kúnlẹ̀. Kò mọ ohun tí yóò tọrọ. Ó ṣáà ń sunkún pé, "Olúwa, mo pẹ́. Ṣàánú mi."

Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì. Ẹnì kan wọlé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó ń kà wọ́n láìfẹ́ kà. Nígbà tó pé mẹ́rìnlá, ẹsẹ̀ dákẹ́, òórùn bẹntiróòlù sì gba inú ilé kan. Ohùn obìnrin kan sọ sí i létí, jẹ́jẹ́:

"Mà, ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà wa?"