Ojú Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Kàsúmù

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gíláàsì pupa méjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ Kàsúmù ń tàn nínú àgbàlá, bẹ́ẹ̀ kò sí iná kankan tó kọjú sí wọn. Rosalie, tó ń kọjá lọ, dúró ó ń wò wọ́n. Irú gíláàsì yẹn kì í dá tàn, àfi kí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn bà á. Òórùn epo pupa gba inú afẹ́fẹ́.

Kọmandáǹ, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso Kétu, ló pàṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ ẹrù ní gíláàsì bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tètè rí ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà. Ojú ẹ̀yìn ni àwọn ará Kétu ń pè é. Ọkọ̀ mẹ́ta ni Kàsúmù ní nígbà náà, ojú ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ahun yìí rà! Èyí tó bá fẹ́ kọjá níwájú ọlọ́pàá ló máa ń dè é mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí Clément, ọkọ Rosalie, ń wà ṣe kú sọ́nà Okpomèta láìní ojú, tí ọkọ̀ elépo pupa kan sáré wá gbá a látẹ̀yìn. Awakọ̀ méjèèjì ló kú.

"Ayé ló ṣe é," ni Kàsúmù wí nígbà tó wá bá Rosalie kẹ́dùn, gbogbo ilé sì gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bí Rosalie nínú. Ayé wo? Ṣé ayé ló tú gíláàsì kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ ni?

Nísinsìnyí, Gaston àbúrò Rosalie ló kù tí Kàsúmù fẹ́ rán lọ kó àgbàdo ní Kpankou, nínú ọkọ̀ tí kò lójú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Rosalie lọ bá Kàsúmù.

"Ẹ̀gbọ́n, Gaston kò ní í wa ọkọ̀ afọ́jú."

Kàsúmù rẹ́rìn-ín. "Ẹnu rẹ mà pọ̀ o! Ọwọ́ Ọlọ́run ni gbogbo wa wà."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ fún un ní ojú ọkọ̀ tiyín."

Ojú ti Kàsúmù níwájú àwọn alágbàrù. Ó tú ojú ọkọ̀ tirẹ̀, ó jù ú sí Gaston. "Gbà! Èmi kò bẹ̀rù ayé." Àwọn méjèèjì sì jọ gbéra, kálukú nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, Gaston nìkan ló dé. Ó lọ bá Rosalie.

"Ọkọ̀ elépo kan tẹ̀lé mi láti Kpankou," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "N kò gbọ́ ìró rẹ̀ rárá. Kò sẹ́ni nídìí rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó gbá mi ni iná rẹ̀ ba ojú ẹ̀yìn, ó sì dúró."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Rosalie bi í.

"Ó yí padà."

"Kàsúmù ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ló ti ń bọ̀."

Rosalie gba ilé Kàsúmù lọ. Ìbínú rẹ̀ kò tíì kúrò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti jókòó lé e lórí. Sàfúrátù, ìyàwó Kàsúmù, ti bu oúnjẹ sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì. Ẹni tó bá bá èèyàn báyìí, "ẹ kú ojú lọ́nà" ló yẹ kó kí i. Rosalie la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Sàfúrátù ṣì ń dúró de ìkíni.