Ọlọ́ṣẹ àti Orin Tó Fi Ń Wọn Omi

Gíláàsì dúdú ńlá ni Káfíńtà kọ́kọ́ rí, irú èyí tí àwọn tó ń jó irin máa ń lò. Ó bo ojú ọmọbìnrin náà dé ìdajì ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gùn dé ìgúnpá rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹnu nìkan ló hàn lára rẹ̀, ẹnu ọ̀hún sì ń kọrin. Ìkòkò àdín àgbọn wà níwájú rẹ̀, ó ń fi ife bu omi sódà, èyí tó máa ń jó ara, sí i.

"Ẹ káàsán o," Káfíńtà wí láti ẹnu ọ̀nà.

Kò dá a lóhùn. Orin ló ń bá lọ:

Ọṣẹ mi, wá ká jọ ṣeré,
Yọ ìdọ̀tí, má yọ awọ,
Jẹ́jẹ́ o, ọṣẹ, jẹ́jẹ́.
Wẹ ìyá, kó o wẹ ọmọ,
Olówó rà, tálákà rà,
Jẹ́jẹ́ o, ọṣẹ, jẹ́jẹ́.
Ó tó, ó tó, ó tó o!

Ìgbà tó kọ "ó tó" tán ló tó gbé ife kalẹ̀, tó ti gíláàsì sókè orí. Háà! Ojú tó yọ lábẹ́ gíláàsì yẹn dán, ó tutù, ó rẹwà, Káfíńtà gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú. Tí mo bá ń da omi sódà, n kì í dá èèyàn lóhùn, ìyá tó bí mi lọ́mọ ì báà máa pè mí."

"Kí ló dé? Ṣé ọṣẹ yín máa ń jowú ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ìyá-ìyá òun, tí kò mọ nọ́ńbà kankan, ló kọ́ òun níṣẹ́ náà. Ìlà kan, ife kan. Ìlà méje ni orin, ife méje ni ìkòkò. Tí omi bá dín, ọṣẹ ò ní dì. Tó bá lé, yóò máa bó èèyàn lára.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ kan àpótí tí mo máa da ọṣẹ sí, àbí?"

"Èmi ni," Káfíńtà wí. "Ẹ ti rí i pé ẹnu mi ò lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ pákó."

Yàrá ẹ̀yìn kan báyìí lọmọbìnrin náà gbà láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ọṣẹ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọ́n, òórùn rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tirẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní lọ́fínńdà, kìkì òróró gidi ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí ẹni tó ń fọṣọ jẹun lè san láì mí kanlẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju pé káwọn èèyàn mọ òun sí ẹni tí ọṣẹ rẹ̀ ṣeé fọkàn tán.

Ọjọ́ méjì ni Káfíńtà fi kan àpótí. Ó wá fi oṣù mẹ́ta ń padà wá tún un ṣe. Lónìí, ìdérí ò ṣe rẹ́gí. Lọ́la, ẹ̀gbẹ́ ń fẹ́ fífá.

"Káfíńtà," Ọlọ́ṣẹ wí, "tó o bá tún fá ìdérí yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, bébà ni yóò dà."

"Màá fi bébà náà kọ̀wé sí ọ nìyẹn, adúmáradán."

Ìyá Káfíńtà, alágbàfọ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi fọ aṣọ onílé àti àlejò títí tó fi tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Nígbà tí ọmọ mú ọṣẹ náà wálé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọṣẹ tó pọ́ọ́kú báyìí? Kí ni wọ́n dín kù nínú ẹ̀?"

"Ẹ ṣáà fi fọ̀ ọ́ wò, Màámi."

Ó gbà, ó ní kí wọ́n mú ogún wá nígbà tí wọ́n bá tún sè.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ń sè é ni Káfíńtà dé. Ó mọ òfin. Ó fara ti ògiri, ó pa ẹnu mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kún un lẹ́nu. Ọlọ́ṣẹ ń kọ "jẹ́jẹ́ o, ọṣẹ, jẹ́jẹ́" lọ́wọ́ nígbà tó bú jáde:

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ!"

Ife dúró lókè. Ẹ̀rín yọ lábẹ́ gíláàsì, ó tàn dé etí méjèèjì. Ọlọ́ṣẹ nawọ́ sí ìlẹ̀kùn pé kó lọ dúró níta ná. Ló bá padà sídìí orin. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ méjì ló wà nínú orin yẹn. Jẹ́jẹ́ kejì ló ti dúró, ó rò pé ti àkọ́kọ́ ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti "wẹ ìyá, kó o wẹ ọmọ". Ife mẹ́wàá wọ ìkòkò lọ́jọ́ náà, kò sì mọ̀.

Ó jáde bá a níta. "Jẹ́ kí ìyá rẹ mọ̀ mí ná. Tí wọ́n bá gbà mí, wá gba èsì."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọṣẹ fi gbẹ. Ogún lọ sílé alágbàfọ̀, ogójì lọ sílé àwọn ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kẹta, àtẹ́lẹwọ́ ìyá bó yánmayànma, kò lè di abẹ́rẹ́ mú.

"Mo sọ fún ọ!" ó pariwo. "Ọwọ́ tí mo fi tọ́ ọ nìyí! Ọmọbìnrin yẹn ò ní wọ ilé mi láéláé!"

Káfíńtà sáré dé yàrá ẹ̀yìn. Ọlọ́ṣẹ wo àpótí, ó rí ibi tí ọṣẹ dé lára pákó, ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ronú padà. Ó jókòó sílẹ̀ gbì.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," Káfíńtà wí. "Èmi ni mo sọ̀rọ̀."

"Ẹnu rẹ ló sọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ló da omi."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀. Ilé kan kò ṣẹ́ kù tí kò dé. "Mo ṣi omi dà, ẹ dá ọṣẹ yẹn padà, èyí tó dáa rèé." Àwọn kan sọ ọ̀rọ̀ sí i. Ó dúró gbọ́ ọ, ó sì dúpẹ́. Ilé alágbàfọ̀ ló kàn kẹ́yìn.

"Ta ló ní kó o wá?"

"Ọwọ́ yín ni, mà."

Aṣọ oníbàárà ti ga dé ojú fèrèsé, kò sí ẹni tó máa fọ̀ ọ́. Ọlọ́ṣẹ ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó ti ọpọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló ń wá ní àràárọ̀. Ìyá ò kí i. Ní ọjọ́ keje, ara ìyá ò gbà á mọ́.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì nílé yín nìyẹn? Yí i síta, jàre!"

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ọmọ mi ní òun lòun sọ̀rọ̀ tó o fi ṣi ife kà. O ò wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"Ọ̀rọ̀ tó sọ dùn, mà. N ò lè fi ṣe ẹ̀sùn."

"Kí ló sọ?"

Ọlọ́ṣẹ tẹjú mọ́ ìfófò. "Ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi."

"Kí lo wá fèsì?"

"Mo ń da omi sódà lọ́wọ́, mà."

Ìyá fẹ́ fajú ro, kò rí i ṣe. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè fi ọwọ́ tó bó nù ún. Ọlọ́ṣẹ dìde, ó fi etí aṣọ ara rẹ̀ nu ojú náà fún un. Ìyá jẹ́ kó nù ún.

"Ìyàwó mi," ó wí jẹ́jẹ́, "tí ọwọ́ yìí bá jinná, ọṣẹ rẹ náà ni màá tún fi fọṣọ." Ó wá yíjú sínú ilé. "Káfíńtà! Jáde wá! Aṣọ ìbùsùn yìí ju ẹnì kan lọ!"

Ó jáde. Ó di etí kan mú, Ọlọ́ṣẹ di èkejì.

"O ò tíì wá gba èsì," Ọlọ́ṣẹ wí.

"Ẹ̀rù ń bà mí ni."

"Ó yẹ kó o ti mọ̀ ọ́n. Tí inú mi ò bá dùn, ṣé mo lè ṣi ife kà? Mo gbà, ẹyinjú mi."

Ọwọ́ Káfíńtà dẹ̀, aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Má jẹ́ kó kanlẹ̀ o!" ìyá kígbe. "Aṣọ oníbàárà ni! Tẹ́ ẹ bá ra tiyín, ẹ máa fi gbálẹ̀!"

Wọ́n di í mú ṣinṣin. Ọ̀kan lọ́ ọ sọ́tùn-ún, èkejì lọ́ ọ sósì, omi ń dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Bí aṣọ ṣe ń lọ́ ló ń kúrú, bó ṣe ń kúrú ni wọ́n ń sún mọ́ra, títí ọwọ́ fi kan ọwọ́.