Ta Ni Gbogbo Èrò Inú Pátákó Yẹn?

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tó ń lọ ládùúgbò, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé. Ẹni tó wá ya fọ́tò á sọ tirẹ̀, ẹni tó wá ṣe ẹ̀dà ìwé á fi tirẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí à ń wí yìí, ẹ̀rọ nìkan ló ń pariwo. Gbogbo oníbàárà ló panu mọ́.

Tọkọtaya ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkọ ń tẹ̀wé lápá ọ̀tún, ìyàwó ń ránṣọ lápá òsì. Ọmọ wọn obìnrin jókòó sáàárín, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lé àpótí, ó ń já òwú lára aṣọ. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀, agbẹ̀bí sì ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ rọbí èyí níbi tó jìn sí ilé ìgbẹ̀bí.

Ilé ìgbẹ̀bí kan wà ní òpin òpópónà wọn, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin péré. Ìjọba ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé àwọn máa tì í lópin oṣù, kí ibẹ̀ lè di ọ́fíìsì àwọn tó ń polongo Ọ̀gágun. Ọ̀gágun ni gbogbo èèyàn ń pe olórí orílẹ̀-èdè.

Òfin wà o. Bí àádọ́ta ojúlé bá fọwọ́ síwèé kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ìgbìmọ̀ ìlú ò gbọdọ̀ ti ilé ìgbẹ̀bí náà láìgbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò. Abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó atẹ̀wé ni ìwé náà wà. Fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì, ojúlé mẹ́rin ló fọwọ́ sí i, tiwọn sì wà nínú mẹ́rin náà.

Pátákó oríta ló fà á. Ó ga ju ilé lọ. Ọ̀gágun dúró nínú rẹ̀, ó yọ àyà síta, ó káwọ́ gbera, èrò sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ lọ súà. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Gbogbo wa la wà lẹ́yìn rẹ." Atẹ̀wé wa yìí gan-an ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n atẹ̀wé, obìnrin alágbàfọ̀ tó ń gbé ní ilé kẹta, yà wọlé pẹ̀lú ẹrù aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o," ni ìyàwó wí. "Ìwé yẹn, ẹ dákun, ẹ bá wa fọwọ́ sí i."

Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. "Ìyàwó wa, má bínú sí mi. Ṣé o ò rí èrò tó wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn ni? Gbogbo ayé ló fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé èmi alágbàfọ̀ ni màá wá dá dúró pé n ò fẹ́?"

"Ọmọ yín ló fẹ́ bímọ yìí o."

"Mo mọ̀. Ṣé o rò pé mò ń rí oorun sùn ni?" Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó jáde. Atẹ̀wé ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Kò pẹ́ ni Bàbá Akànìyàn dé. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí fi bá ìjọba ka èèyàn kó tó fẹ̀yìn tì, títí dòní ló sì ń ka àtẹ̀gùn kó tó gùn ún. Táwọn èèyàn bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, á ní, "Orí ni mò ń kà, ẹ máa gbé ọmọ yín lọ."

Fọ́tò ìwé ìfẹ̀yìntì ló wá yà. Bó ti ń dúró, ó rí ẹ̀dà kékeré àwòrán pátákó náà lára ògiri, nítorí wọ́n ti pàṣẹ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ gbé Ọ̀gágun kọ́. Bàbá wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí wọn sẹ́nu.

"Atẹ̀wé."

"Bàbá?"

"Obìnrin tó gbé agboòrùn tí irin rẹ̀ yọ síta yìí, ṣé ìbejì ni? Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Apárí tó dúró tì í náà, mọ́kànlá."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Atẹ̀wé sáré lọ ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ rọra. Èèyàn inú fọ́tò tí àwọn tó ń polongo Ọ̀gágun gbé wá ò tó ọgọ́ta. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí èrò kún un, ni mo bá gé igun kan, mò ń lẹ̀ ẹ́ lọ. Ó yẹ kí n pààrọ̀ àwọ̀ aṣọ wọn, kí n yí ojú wọn sí ọ̀tún àti òsì. Wọ́n ń kán mi lójú, mo gbàgbé. Wọ́n ní kí n yọ ọ̀pá tí Ọ̀gágun fi ń tilẹ̀, mo yọ ọ́. Wọ́n ní kí n fẹ àyà rẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n di èrò rẹpẹtẹ?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ wá ń wò mí bí mo ṣe ń bẹ èèyàn kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Kódà, lọ́jọ́ tí mo rí i ní oríta, èmi tí mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́, mo ní, hàà, àwọn èèyàn mà fẹ́ràn ọkùnrin yìí o!"

Bàbá jókòó. "Ibi tí agbára rẹ̀ wà nìyẹn. Kò dìgbà tí o bá fẹ́ràn rẹ̀. Kí o ṣáà ti gbà pé àwọn yòókù fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ á dákẹ́ nítorí aládùúgbò rẹ, aládùúgbò rẹ á dákẹ́ nítorí tìẹ. Tó bá yá, á ní ṣebí ẹnikẹ́ni ò ta ko òun."

"Bàbá," ni aboyún bi í, "tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́?"

"Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ náà ń bímọ. Àmọ́ a kì í wo àwòrán mọ iye èèyàn. Nígbà tí à ń kànìyàn, a kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè lójú títì. Níwájú ẹlòmíì, ohun tí ẹlòmíì fẹ́ gbọ́ lèèyàn máa ń sọ. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ wọlé, ẹ bi í lóun nìkan."

Ọmọbìnrin náà ti dìde, ó fi ojú sún mọ́ àwòrán. "Ìyá mi, ẹ wá wo agboòrùn yìí."

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó figbe ta. Wọ́n ránṣẹ́ pe alágbàfọ̀.

Alágbàfọ̀ wo obìnrin inú àwòrán náà títí. "Èmi nìyí. Mò ń gbé aṣọ oníbàárà lọ lọ́jọ́ tí Ọ̀gágun wá, wọ́n dí títì, mo dúró kí wọ́n lè kọjá." Ó fi ìka kà á débi mọ́kànlá. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé èmi náà ni mo ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí? Ẹ mú bíírò wá!"

Òun àti ìyàwó atẹ̀wé ni wọ́n jọ ń kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan lé wọn jáde. Ṣùgbọ́n léraléra ni wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Mo rò pé èmi nìkan ni." Nígbà tó fi di ọjọ́bọ̀, ojúlé mọ́kànlélọ́gọ́ta ti fọwọ́ sí i.

A ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbìmọ̀ sún títì ilé ìgbẹ̀bí náà síwájú fún oṣù mẹ́ta láti gbọ́ tẹnu àwọn ará àdúgbò. Àwọn àjèjì kan ti wá béèrè ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ẹnikẹ́ni ò sì sọ. Bí ilẹ̀kùn bá dún, atẹ̀wé ṣì máa ń yọjú lójú fèrèsé kó tó ṣí i. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án, nínú òjò, ọmọ rẹ̀ rọbí. Abẹ́ agboòrùn tí irin rẹ̀ yọ yẹn ló gbà dé ilé ìgbẹ̀bí, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Tìyá tọmọ wà láyọ̀.

Ẹ̀yin ará, òye tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ rèé. Olórí tó bá fẹ́ kí a máa wo àyà òun, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ má fi èrò inú àwòrán ṣe òṣùwọ̀n ohun tí aládùúgbò yín ń rò. Ẹ bi í, kó jẹ́ òun nìkan, lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Bí òfin bá fún yín ní ọjọ́ tí ẹ lè sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Bí wọ́n bá sì gbé èrò rẹpẹtẹ sí oríta láti dẹ́rù bà ọ́, sún mọ́ ọn, kí o wò ó dáadáa, bóyá ojú tìrẹ náà wà níbẹ̀.